Àwọn Awakọ̀ Òfuurufú Ológun: Ṣé Kí Wọ́n Lọ Ni, Àbí Kí Wọ́n Dúró?

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bí ọ̀rọ̀ àwọn Ọmọ-ogun Òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti rí gan-an nìyí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Apá kan ni ọkọ̀, apá kejì ni ènìyàn tí yóò wà á. Ọkọ̀ wọn pọ̀ lọ jàra, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn lábẹ́ ọ̀run tí ó ní tó wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò wà wọ́n kò pé. Ní ọdún 2017, Heather Wilson, ẹni tí ó jẹ́ Akọ̀wé Ìjọba fún ẹ̀ka ogun náà nígbà náà, jẹ́wọ́ ní gbangba pé awakọ̀ bí 2,000 ni ó kù kí iye wọn tó pé. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń na owó, tí ó ń tún òfin ṣe, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, nígbà tí ó fi di ọdún 2023, iye tí ó kù kò tíì jìnnà sí ti àkọ́kọ́.

Níbo ni wọ́n lọ? Kì í ṣe pé ogun pa wọ́n tán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n sá. Púpọ̀ nínú wọn parí àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba ṣe, wọ́n bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀, wọ́n sì lọ ń wa ọkọ̀ akérò fún àwọn kọ́ńpìnì bíi Delta, United, American àti Southwest. Àwọn kan ń pe èyí ní ìmọtara-ẹni-nìkan. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n ni. Àwa rò pé ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tinú-tẹ̀yìn kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọmọ ọdún 22, ó sì di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ogun. Ìjọba fi í sí ẹnu ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ tí a bá fi àmì ìyẹ́ sí i láyà pé ó ti di awakọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ọdún mẹ́wàá tí ó jẹ ìjọba ní gbèsè bẹ̀rẹ̀. Kò lè lọ kí ọdún mẹ́wàá náà tó pé. Nígbà tí yóò bá fi san gbèsè náà tán, ó ti di ẹni ọdún 34 tàbí 35. Ó ti gbéyàwó tàbí ó ti wọ ilé ọkọ, ó ti bímọ, àwọn ọmọ sì ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti kó ẹrù láti ìlú kan sí òmíràn lọ́pọ̀ ìgbà. Oríta ni ó dé yìí, oríta náà sì ní ọ̀nà mẹ́ta: kí ó dúró títí ogún ọdún yóò fi pé kí ó lè gba owó ìfẹ̀yìntì, kí ó lọ lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, kí ó fi ẹ̀kejì sọ́hùn-ún.

Ohun tí ó ń fà á síta kò kéré. Ní oṣù kejì ọdún 2009, ọkọ̀ kọ́ńpìnì Colgan Air kan já lulẹ̀ nítòsí ìlú Buffalo, ènìyàn 50 sì kú. Àwọn ẹbí òkú kò dákẹ́. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin títí a fi ṣe òfin kan ní ọdún 2010. Láti ọdún 2013 tí òfin náà ti fìdí múlẹ̀, ẹni tí yóò bá wa ọkọ̀ akérò, yálà ó jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ tàbí igbákejì rẹ̀, gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500. Ṣáájú àkókò náà, wákàtí 250 tó fún igbákejì. Ṣùgbọ́n òfin ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ológun: wákàtí 750 ti tó o, ìdajì iye náà gan-an. Báyìí ni òfin tí a ṣe láti dáàbò bo èrò ọkọ̀ ṣe sọ awakọ̀ ológun di ọjà tí gbogbo ènìyàn ń wá kiri.

Ọjọ́ orí náà tún kún un. Ní ọdún 2007, ìjọba sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì awakọ̀ akérò láti 60 sí 65. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí a sún un tó, ọjọ́ kò ní ṣàì pé. Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020. Pápá ọkọ̀ dá páropáro, àwọn kọ́ńpìnì sì fi owó rọ àwọn àgbà awakọ̀ láti tètè fẹ̀yìntì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbà. Kò pẹ́ kò jìnnà, èrò tún kún pápá, awakọ̀ kò sì tó mọ́. Ní ọdún 2023, àwọn awakọ̀ Delta fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fi ìpín 34 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn láàárín ọdún mẹ́rin. Ti United àti ti American tẹ̀lé e kí ọdún náà tó parí. Lónìí, ọ̀gá awakọ̀ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì ń wa àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń la òkun kọjá, lè gba ju 400,000 dọ́là lọ ní ọdún kan. Òfin kò sì gbà kí ó fò ju wákàtí 1,000 lọ láàárín ọdún náà.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ akérò tí ẹni tí ó wà lóde kì í tètè rí, òun gan-an ni ó sì ń lé àwọn awakọ̀ ológun níré. Ní àwọn kọ́ńpìnì wọ̀nyí, a kì í wo ewú orí, a kì í wo àmì-ẹ̀yẹ ojú ogun. Ọjọ́ tí ènìyàn wọlé ni a ń kà. Bí ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé ti rí nílẹ̀ wa ni ó rí: ẹni tí a gbé wọlé lánàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ìyáálé ni fún ẹni ogójì ọdún tí a gbé wọlé lónìí. Nọ́ńbà ìwọlé yìí ni ó ń pinnu irú ọkọ̀ tí ènìyàn yóò wà, ìlú tí yóò ti máa gbéra, ọjọ́ tí yóò sinmi, bí yóò bá wà nílé ní ọjọ́ Kérésìmesì, àti ọdún tí yóò di ọ̀gá awakọ̀. Bí ọ̀dá owó bá dé, ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ dá dúró. Ọ̀gá ológun tí ó ti pàṣẹ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò jókòó sí àga ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí igbákejì ń jókòó sí, lábẹ́ ẹni tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí tí kò sì mọ ojú ogun.

Ẹ wo ìṣirò náà. Ẹni tí ó lọ ní ọmọ ọdún 34 ní ọdún 31 níwájú kí ó tó di 65. Ẹni tí ó dúró títí ogún ọdún iṣẹ́ rẹ̀ fi pé ní ọmọ ọdún 42 ní ọdún 23 péré. Ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàárín wọn, gbogbo àwọn tí kọ́ńpìnì bá sì gbà láàárín ọdún mẹ́jọ náà ti di àgbà fún un títí láé. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí fi ń ka oṣù bí ẹni tí ń ka owó ẹyọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé owó nìkan ni ó ń lé wọn lọ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Nínú iṣẹ́ ogun, bí awakọ̀ bá ti ń dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ ni a ń mú un kúrò nínú ọkọ̀. A ó fi í sí ìdí tábìlì, yóò máa kọ ìwé, yóò máa ṣe ìpàdé, yóò máa ka àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn. Bí kò bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbéga yóò fò ó. Bí ìgbéga bá sì fò ó lẹ́ẹ̀mejì, òfin lè sọ pé kí ó máa lọ ilé. Ẹni tí ó wá nítorí ìfẹ́ ìfò yóò rí i pé ọjọ́ tí òun fò nínú oṣù kò tó nǹkan. Ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọba gé owó níbi gbogbo, àwọn ẹgbẹ́ ọkọ̀ ogun kan wà tí a dá dúró fún oṣù mélòó kan láìfò rárá. Báwo ni a ṣe fẹ́ kí inú ọdẹ dùn bí a bá gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìdí kejì ni ìrìn-àjò ogun tí kò ní òpin. Láti ìgbà ogun Kuwait ní ọdún 1991 ni àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kò tíì sinmi gidi. Wọ́n ṣọ́ òfuurufú ilẹ̀ Iraq fún ọdún 12. Wọ́n wà ní Afghanistan láti ọdún 2001 títí di ọdún 2021. Ogun Iraq ti ọdún 2003 àti èyí tí ó tẹ̀lé e sì wà láàárín. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń lọ fún oṣù mẹ́rin tàbí mẹ́fà lóòrèkóòrè kì í mọ̀ bóyá àlejò ni ó dé tàbí bàbá. Àwọn tí ó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa ń sọ pé ilé ni àwọn ń ronú sí ju owó lọ, a kò sì rí ìdí tí a kò fi ní í gbà wọ́n gbọ́.

Kí ni ìjọba ṣe? Ó yọ àpò. Títí di ọdún 2016, owó ìdánidúró tí òfin gbà pé kí a fún awakọ̀ tí ó bá fọwọ́ sí àdéhùn tuntun kò ju 25,000 dọ́là lọ lọ́dún. A sọ ọ́ di 35,000. Lẹ́yìn náà a sọ ọ́ di 50,000, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbà láti dúró fún ọdún 12 lè gba 600,000 dọ́là lápapọ̀. Owó ńlá ni, kì í sì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND sọ ní ọdún 2019 pé láti kọ́ awakọ̀ kan títí yóò fi lè wa ọkọ̀ ogun F-16, mílíọ̀nù 5.6 dọ́là ni ìjọba ń ná. Ti F-22 sì jẹ́ mílíọ̀nù 10.9. Ẹni tí ó bá fi mílíọ̀nù mẹ́wàá gbin igi kan kò gbọdọ̀ ṣàánú omi tí yóò fi bomi rin ín. Síbẹ̀, owó yìí kò tíì kún àlàfo náà, nítorí pé owó kò lè ra àlàáfíà ilé, kò sì lè dá ẹni tí ó wà nídìí tábìlì padà sínú ọkọ̀.

Ní báyìí, a ní láti kìlọ̀ fún àwọn tí ń múra àtilọ. Gbogbo ohun tí ó ń dán kọ́ ni wúrà. Iṣẹ́ akérò dàbí ojú ọjọ́: a máa dára, a sì máa bàjẹ́ láìrò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ ni a dá dúró, ẹlòmíràn sì lo ọdún púpọ̀ kí a tó pè é padà. Ní ọdún 2005, ètò owó ìfẹ̀yìntì kọ́ńpìnì United dojú dé. Ti àwọn awakọ̀ Delta tẹ̀lé e ní ọdún 2006. Gbogbo ayé mọ Chesley Sullenberger, tí ó ti wa ọkọ̀ ogun rí, tí ó sì gbé ọkọ̀ lé orí odò Hudson ní oṣù kìíní ọdún 2009, tí gbogbo ènìyàn 155 fi yè. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ó lọ síwájú àwọn aṣòfin, tí ó sì sọ fún wọn pé a ti gé ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó òun, àti pé owó ìfẹ̀yìntì tí òun gbẹ́kẹ̀ lé ti lọ. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí akọni, kí ni a kò lè ṣe sí ẹni tí a kò mọ̀? Ní ọdún 2024 pàápàá, ọdún kan péré lẹ́yìn àdéhùn olówó ńlá wọ̀nnì, kọ́ńpìnì Spirit dá àwọn awakọ̀ kan dúró, ó sì wọ ilé ẹjọ́ lọ ní oṣù kọkànlá nítorí gbèsè. Àwọn mìíràn sì dẹ ọwọ́ lórí gbígba ènìyàn nítorí pé Boeing kò kó ọkọ̀ tuntun dé lásìkò.

Ẹni tí ó dúró náà ní ohun tí ó ń jẹ. Lẹ́yìn ogún ọdún, ẹni tí ó wà nínú ètò àtijọ́ yóò máa gba ìdajì owó oṣù rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ẹni tí ó bá wọṣẹ́ láti ọdún 2018 wà nínú ètò tuntun: ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ń bá a fi owó pamọ́, owó ìpamọ́ náà sì jẹ́ tirẹ̀ bí ó tilẹ̀ lọ kí ogún ọdún tó pé. Ẹ kíyè sí i pé ètò tuntun yìí tún mú kí ó rọrùn láti lọ: okùn tí ó so ènìyàn mọ́ ogún ọdún ti dẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni ó sì wù wá jù. Awakọ̀ lè fi iṣẹ́ ogun ojoojúmọ́ sílẹ̀, kí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ-ogun tí a ń pè ní Air National Guard tàbí ti Ìpamọ́, kí ó máa fò fún ìjọba ní ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù, kí ó sì máa wa ọkọ̀ akérò ní ọjọ́ tí ó kù. Òfin kan ti ọdún 1994 dáàbò bò ó: bí ìjọba bá pè é lọ sí ogun, kọ́ńpìnì gbọ́dọ̀ gbà á padà, nọ́ńbà ìwọlé rẹ̀ kò sì ní í yí padà. Báyìí ni ìjọba kì í fi í pàdánù gbogbo ohun tí ó ná, tí ènìyàn náà kì í sì í pàdánù ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó rọrùn: ẹni tí ó ní ọ̀gá méjì kì í ní ìsinmi méjì.

Àwa tí a jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀nà láti inú ọkọ̀ ogun sínú ọkọ̀ akérò kò fi ìgbà gbogbo ṣí sílẹ̀. Ní ọdún 1957, Marlon Green, awakọ̀ ológun adúláwọ̀ kan, fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó sì kọ̀wé sí kọ́ńpìnì Continental. Kò kọ ohunkóhun sí àyè tí a ti ń béèrè àwọ̀ ara, wọ́n sì pè é. Nígbà tí ó dé, tí wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n gba àwọn aláwọ̀ funfun tí wákàtí ìfò wọn kò tó tirẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Green gbé ẹjọ́ náà lọ láti ìpínlẹ̀ Colorado títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, níbi tí gbogbo adájọ́ ti fi ohùn kan dá a láre ní oṣù kẹrin ọdún 1963. Ní ọdún 1965 ni ó tó wọlé, ó sì fò fún wọn títí di ọdún 1978. Kí ó tó wọlé, ní ọdún 1964, American ti gba David Harris, tí òun náà ti jẹ́ awakọ̀ ológun. Ní ọdún 2010, Continental fúnra rẹ̀ kọ orúkọ Green sára ọkọ̀ kan. Nítorí náà, bí ọmọ wa kan tí ó wà nínú aṣọ ogun lọ́hùn-ún bá jókòó lónìí tí ó ń ṣa kọ́ńpìnì bí ẹni ń ṣa ọsàn lọ́jà, kí ó rántí pé ẹnìkan ti jìyà ọdún mẹ́jọ kí ọsàn náà tó wà lórí àtẹ.

Èrò tiwa nìyí. Ẹni tí ó ti sìn fún gbogbo ọdún tí ó ṣèlérí kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ó ti san gbèsè rẹ̀, ẹlòmíràn sì ti fi ewu ẹ̀mí san án. Ìmọ̀ tí ó kó jáde kò ṣòfò pẹ̀lú: nígbà tí ẹ́ńjìnnì kan fọ́ lókè nínú ọkọ̀ Southwest ní oṣù kẹrin ọdún 2018, tí ó sì pa èrò kan, Tammie Jo Shults, ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ ogun fún àwọn ọmọ-ogun ojú omi, ni ó gbé àwọn yòókù balẹ̀. Ohun tí ìlú ná sórí rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ará ìlú ní ọ̀nà mìíràn.

Ṣùgbọ́n àwọn olórí ogun ní láti mọ̀ pé a kì í fi okùn owó nìkan so ènìyàn mọ́lẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ fò máa fò, kí wọ́n má fi ìgbéga halẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ ti Amẹ́ríkà kan náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀: àwọn tí wọ́n ń pè ní warrant officer ni ó ń wa púpọ̀ nínú hẹlikọ́pútà wọn, iṣẹ́ ìfò ni iṣẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ń fi dandan lé wọn láti di ọ̀gá ìdí tábìlì. Ohun tí ó wà ní ilé kejì kò yẹ kí ó ṣòro fún ilé kìíní láti yá lò. Kí àwọn kọ́ńpìnì náà sì má ṣe máa kórè oko tí wọn kò ro; ó yẹ kí wọ́n ná owó tiwọn láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́, dípò kí wọ́n máa dúró sí ẹnu ọ̀nà bárékè.

Ní ti awakọ̀ tí ó wà ní oríta, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí ó bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ jókòó kí ó tó bá kọ́ńpìnì kankan jókòó. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ìfò ni òun fẹ́ràn tàbí àṣẹ pípa, nítorí kò sí ẹni tí ń kí ọ̀gá tẹ́lẹ̀ rí ní àga ọwọ́ ọ̀tún. Kí ó fi owó ọdún kan pamọ́ kí ó tó gbéra, nítorí ọdún 2001 àti ọdún 2020 lè tún padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Bí ó bá ti ṣe èyí tán, bí ó bá lọ, kí ó lọ ní àlàáfíà. Bí ó bá sì dúró, kí ìjọba rí i pé kò kábàámọ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ń ṣọ́ òfuurufú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ọkàn wọn ti lọ, òfìfo aṣọ ni ó gbé kọ́ sí ẹnu ibodè.